Bọ́tìnnì Tí Ó Yọ “Bí” Kúrò Nínú Ọ̀rọ̀ Akápò

Ó ti lé ní oṣù kan báyìí tí gbólóhùn kan kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Gbólóhùn náà kò ju ìlà kan lọ, kò sí àṣìṣe gírámà nínú rẹ̀, ó dùn ún kà, ó sì mọ́ tónítóní. Orúkọ mi ni ó wà lábẹ́ ìwé tí ó ti jáde, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, ẹni tí ìwé náà sì ní ó sọ ọ́ kò sọ ọ́ rárá. Bọ́tìnnì mẹ́ta tí mo tẹ̀ pa pọ̀ ni ó bí gbólóhùn yẹn, n kò sì rò pé ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kọjá kí ó tó jókòó sínú ìwé.

Mo fẹ́ ròyìn bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ni ẹ ti ní irú àbùjá bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín, bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ pa pọ̀ kí AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) lè bá wa tún ọ̀rọ̀ kọ, yálà ẹ̀yin ni ẹ fi í síbẹ̀ tàbí ó bá kọ̀ǹpútà náà wá.

Bí ó ṣe mọ́ mi lọ́wọ́

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kékeré kan. Lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún ni mo máa ń gbé bọ̀, tí ó kún fún ọ̀rọ̀ tí mo fi ìkánjú kọ: òmíràn gùn jù, òmíràn dúró láàárín ọ̀nà, òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo lè mọ ohun tí ó ń wí. Nígbà tí ChatGPT, AI tí à ń kọ̀wé sí tí ó sì ń fèsì, jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi AI tún irú àwọn gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kọ. Iṣẹ́ gidi ni nígbà náà. Màá ṣe àdàkọ ìpínrọ̀ kan, màá ṣí ojú ewé mìíràn, màá lẹ ìpínrọ̀ náà mọ́ ibẹ̀, màá kọ ohun tí mo fẹ́ kí ó ṣe, màá dúró, màá ka èsì, lẹ́yìn náà ni màá tó gbé èsì náà padà sínú ìwé mi. Gbogbo lílọ àti bíbọ̀ yìí a máa sú mi. N kò mọ̀ nígbà náà pé nígbà tí mo ń lọ tí mo ń bọ̀ yẹn ni mo ń ka iṣẹ́ mi.

Nígbà tí ó yá, mo rí áàpù kan tí ó fòpin sí wàhálà náà. Mo kàn máa ń fi atọ́ka sàmì sí gbólóhùn, màá tẹ Ctrl, Alt àti R pa pọ̀, gbólóhùn náà yóò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, òmíràn yóò sì ti wà ní ipò rẹ̀. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ kò ta kókó: áàpù náà ni ó ń bá mi tẹ Ctrl àti C, tí ó ń fi ohun tí mo sàmì sí ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí àwọn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó ni AI náà, tí ó ń dúró de èsì, tí ó sì ń tẹ Ctrl àti V lé ọ̀rọ̀ mi lórí. Àṣẹ tí mo kọ sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò yí padà fún oṣù mélòó kan: “Tún èyí kọ kí ó yéni, kí ó ṣe ṣókí, kí ó sì jọ ìwé ọ́fíìsì.”

Lóde òní, ẹnikẹ́ni kò nílò láti wá irú áàpù bẹ́ẹ̀ lọ. Microsoft ti fi àtúnkọ sínú Notepad, tí ó jẹ́ ibi ìkọ̀wé tí ó rọrùn jù lọ lórí Windows, Ctrl àti I sì ni àbùjá rẹ̀. Apple gbé Writing Tools, tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, jáde sórí Mac àti iPhone ní ọdún 2024. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún kan náà ni Microsoft kéde bọ́tìnnì Copilot, tí ó ń ṣí AI tiwọn, fún pátákó ìtẹ̀wé, lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí bọ́tìnnì Windows ti dé. Àtúnkọ ti kúrò ní ohun tí à ń lọ bá níbi tí ó wà, ó ti wá sábẹ́ ìka.

Láàárín oṣù méjì, ọwọ́ mi ti kọ́ ọ. N kì í rò ó mọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí gbólóhùn kò dára, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó dára, mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí n kò tíì ka ohun tí mo kọ tán.

Ìpè àárọ̀ ọjọ́ kejì

Mo fi àkọsílẹ̀ ìpàdé oṣù náà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí a ṣe é, inú mi sì dùn pé mo tètè parí rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù mi dún. Akápò wa ni. Àgbàlagbà ni wọ́n, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní ìpàdé, tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ náà, wọn a máa wọn ọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń wọn owó.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni?”

“Àlàáfíà ni, sà.”

“Mo ka ìwé tí o fi ránṣẹ́. Ìlà kẹfà, níbi tí o ti kọ ọ̀rọ̀ nípa òrùlé gbọ̀ngàn. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wí pé, “Mo sọ pé *bí*. Ṣé o gbọ́ *bí* lẹ́nu mi, àbí o kò gbọ́?”

Mo gbọ́ ọ. Mo rántí ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ àti bí wọ́n ṣe gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mo sì sáré ṣí kọ̀ǹpútà. Nínú ìwé náà, mo rí gbólóhùn tí wọ́n ń wí. Mo tẹ Ctrl àti Z kí n lè rí ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti pa ìwé náà dé lóru, nítorí náà kò sí ohun tí ó lè dá padà fún mi.

Ohun kan ló gbà mí. Láti ọdún 2018 ni Windows ti ní ibi ìpamọ́ kan tí ó ń tọ́jú ohun mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a ṣe àdàkọ wọn kẹ́yìn, bí a bá ti gbà á láyè láti máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì Windows àti V ni à ń tẹ̀ láti ṣí i. Bí a bá pa kọ̀ǹpútà kí a sì tún un tan, gbogbo ohun tí a kò so mọ́ ibẹ̀ yóò parẹ́, ṣùgbọ́n èmi kò pa á lóru ọjọ́ náà, mo kàn pa ojú rẹ̀ dé ni. Níwọ̀n bí áàpù náà ti máa ń tẹ Ctrl àti C kí ó tó ṣe ohunkóhun, ọ̀rọ̀ tèmi ti ní láti wà níbẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì méjèèjì. Àpótí méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni mo kọ ní ìpàdé:

“Akápò sọ pé bí ìyókù owó bá wọlé kí oṣù tó parí, ó ṣeé ṣe kí a bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe òrùlé, ṣùgbọ́n àwọn kò lè ṣe ìlérí rẹ̀ lónìí.”

Èyí tí ó wà lókè ni bọ́tìnnì fi rọ́pò rẹ̀:

“Akápò fi dá ẹgbẹ́ lójú pé àtúnṣe òrùlé yóò bẹ̀rẹ̀ kí oṣù tó parí.”

Mo jókòó níwájú wọn fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ 28 ti di 14, ìdajì géérégé. Ó ṣe ṣókí bí mo ṣe pàṣẹ. Ó jọ ìwé ọ́fíìsì bí mo ṣe pàṣẹ. Òrùlé ṣì wà níbẹ̀, oṣù ṣì wà níbẹ̀, orúkọ Akápò ṣì wà níbẹ̀. *Bí* ti lọ, *ó ṣeé ṣe* ti bá a lọ, *ṣùgbọ́n* ti tẹ̀ lé wọn, gbogbo ohun tí àgbàlagbà yẹn fi dáàbò bo orúkọ ara wọn sì ti bá wọn lọ pátápátá. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé “àwọn kò lè ṣe ìlérí” ti di “fi dá ẹgbẹ́ lójú”. Ẹni tí ó kọ̀ láti ṣèlérí ni a sọ di olùlérí.

Nígbà tí mo padà sórí fóònù, Akápò jẹ́ kí n mọ ìdí tí wọ́n fi tètè pè. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ti ka ìwé náà lóru, ó sì ti ránṣẹ́ sí àwọn kápẹ́ńtà pé kí wọ́n máa múra sílẹ̀. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ti Akápò kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Lọ́wọ́ mi ni ó ti bọ́.

Ìlà ìsàlẹ̀ pátákó ìtẹ̀wé

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé kí ló dé tí n kò kà á. N kì í ṣe aláìbìkítà. Bí ènìyàn bá tún gbólóhùn mi kọ tí ó sì gbé e fún mi, màá fi ti tẹ́lẹ̀ àti tuntun wé ara wọn. Ìdáhùn tí mo rí fún ara mi wà ní ìlà ìsàlẹ̀ pátákó ìtẹ̀wé, níbi tí Z, X, C àti V ti tò tẹ̀ lé ara wọn.

Ní àárín ọdún 1970 sí 1979, ní ibùdó ìwádìí Xerox PARC ní Amẹ́ríkà, Larry Tesler àti Tim Mott ṣe ohun èlò ìkọ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní Gypsy, níbi tí gígé ọ̀rọ̀, ṣíṣe àdàkọ rẹ̀ àti lílẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn ti rí bí a ti mọ̀ wọ́n lónìí. Tesler lọ sí Apple lẹ́yìn náà, ó wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Lisa tí ó jáde ní ọdún 1983, orí Lisa náà ni bọ́tìnnì mẹ́rin yẹn sì ti di ilé fún ìdápadà, gígé, àdàkọ àti lílẹ̀. Ohun tí ọkùnrin yìí kórìíra jù lọ nínú kọ̀ǹpútà ni kí bọ́tìnnì kan ṣoṣo máa ṣe ohun kan nígbà kan, kí ó sì ṣe ohun mìíràn nígbà mìíràn. Ó kórìíra rẹ̀ débi pé ó kọ NO MODES sí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, ìyẹn ni pé kí bọ́tìnnì má ṣe máa yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ó gbà pé ẹni tí ó ń kọ̀wé kò gbọdọ̀ máa dúró bi ara rẹ̀ pé kí ni bọ́tìnnì yìí yóò ṣe báyìí.

Ìdí rèé tí ọwọ́ wa fi gbára lé àwọn àbùjá yìí. Láti ogójì ọdún ó lé, àbùjá àdàkọ kò tíì yí lẹ́tà kan padà nínú ohun tí a fi í ṣe àdàkọ rẹ̀. Ohun tí a bá gbé ni a ó bá níbi tí a sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Kò sí ẹni tí í ka ìpínrọ̀ lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn láti mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà ti fi ọ̀rọ̀ kan pa mọ́. Ọwọ́ wa ti kọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé yìí ṣáájú kí ọkàn wa tó rò ó.

Àtúnkọ wá jókòó sáàárín wọn, a sì ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ kan náà àti ìgbẹ́kẹ̀lé kan náà. Ṣùgbọ́n kò bá wọn tan. Nígbà tí mo bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú ọjọ́ náà, mo dán an wò: mo sàmì sí gbólóhùn Akápò kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, mo tẹ bọ́tìnnì kan náà, gbólóhùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì fún mi. *Bí* wà nínú méjì, kò sí nínú méjì. Kò sì yẹ kí ó yà mí lẹ́nu, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ó ń to ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn nípa wíwo èyí tí ó ṣeé ṣe jù kí ó tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ́ ọ láti inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé, wọ́n sì sábà máa ń gbà á láyè láti ṣa láàárín àwọn tí ó ṣeé ṣe náà, kí ó má bàa máa sọ ohun kan náà nígbà gbogbo. N kò rí ẹ̀bi nínú èyí fún ẹ̀rọ. Ibi tí wọ́n fi í jókòó sí ni mo ń sọ, nítorí láàárín àwọn bọ́tìnnì tí kì í yẹ̀ ni wọ́n fi èyí tí ó ń yẹ̀ sí.

Èdè wa tún mú kí ewu náà pọ̀ sí i. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń gbé iyèméjì, àìdánilójú àti ìkọ̀sílẹ̀ ní Yorùbá kéré níye lẹ́tà: *bí*, *bá*, *lè*, *kò*. Ẹni tí a bá ní kí ó gé ọ̀rọ̀ kúrú, àwọn kékeré ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ sí. Yọ *lè* kúrò nínú “ó lè wá”, ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí à ń retí yóò di ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ti dé.

Iṣẹ́ ẹrú, iṣẹ́ ọmọ

Ọ̀rẹ́ kan tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún dá mi lóhùn pé àwọn baba wa pàápàá fọwọ́ sí àtúnkọ. Ó ní ṣé wọn kò wí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ ni? Ó ní kí ni AI ń ṣe ju ìyẹn lọ? Ó ń gba ọ̀rọ̀ tí ó rí játijàti lọ́wọ́ wa, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ọmọlúàbí.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, mo sì fi ọjọ́ mélòó kan rò ó. Òtítọ́ ni pé ìlànà àtúnkọ wà nínú òwe náà. Ẹni tí a rán kò gbọdọ̀ gbé ìbínú àti ìsọkúsọ ẹni tí ó rán an lọ síwájú ẹni tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ fún. Ó ní ẹ̀tọ́ láti fi ọgbọ́n bò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà gbà á láyè láti yí ni ọ̀nà tí ó ń gbà jẹ́ iṣẹ́. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò kúrò ní iṣẹ́ tí a rán an. Bí wọ́n bá ní kí ó lọ sọ pé “n kò ní í wá”, ó lè fi ẹ̀bẹ̀ àti ìkíni yí i ká, ṣùgbọ́n bí ó bá débẹ̀ tí ó wí pé “ó ń bọ̀”, kò jẹ́ iṣẹ́ ẹrú, kò jẹ́ tọmọ. Ìránṣẹ́ ìgbà náà sì gbọ́ iṣẹ́ kí ó tó jẹ́ ẹ. Ó mọ èyí tí ó jẹ́ egungun àti èyí tí ó jẹ́ ẹran nínú rẹ̀, nítorí ó mọ ẹni tí ó rán an. AI tí mo fi gbólóhùn kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí kò mọ Akápò. Kò sí ní ìpàdé. Kò rí ọwọ́ tí wọ́n gbé sókè.

N kò sọ èyí láti ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Mo mọ ènìyàn tí ó ń fi èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, tí irú àbùjá yìí sì ti gbà á lọ́wọ́ ìtìjú. Mo mọ ẹni tí ìka ń dùn, tí títẹ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì jẹ́ ìyà fún. Àǹfààní tí ó ń ṣe fún wọn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń kọ ọ̀rọ̀ ara wọn, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti gba ohun tí ẹ̀rọ bá fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni ó wà lọ́wọ́ tèmi, n kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó fi í lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ohun tí a sọ nínú yàrá títì, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí ó sọ ọ́, ni mo ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn láti oṣù mélòó kan wá. Ìyẹn nìkan tó ohun tí ó yẹ kí n ti bi ẹgbẹ́ léèrè.

Ohun tí mo yí padà

N kò yọ àbùjá náà kúrò. Mo ṣí ètò rẹ̀, mo sì yí ohun méjì padà. Èkíní, kì í rọ́pò ọ̀rọ̀ mi mọ́: èsì ń jáde nínú fèrèsé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ọ̀rọ̀ tèmi yóò sì dúró síbi tí ó wà títí èmi fúnra mi yóò fi gbé tuntun wọlé. Èkejì, mo pa àṣẹ àtijọ́ rẹ́, mo sì kọ òmíràn: “Má tún un kọ. Tọ́ka sí ibi tí kò yé ọ, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.” Ó yà mí lẹ́nu bí àṣẹ yìí ṣe wúlò tó. Nígbà púpọ̀, ibi tí ó bá tọ́ka sí ni ibi tí èmi náà kò ti lóye ohun tí mo kọ, bí mo bá sì ti mọ ibẹ̀, gbólóhùn tí ó tọ́ kì í pẹ́ dé.

Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ lẹ́nu, n kì í tẹ bọ́tìnnì lé e mọ́. Orúkọ àwọn tí ó sọ̀rọ̀ kì í sì í jáde kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó ń gba àkókò jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ogójì ìṣẹ́jú fún ìpàdé kan.

Ní ọjọ́ ìpè yẹn, mo fi ìwé mìíràn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́, mo sì kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé ìlà kẹfà ti tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ Akápò. Mo pe ẹni tí ó ránṣẹ́ sí àwọn kápẹ́ńtà, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá wọn dúró. Lẹ́yìn náà ni mo pe Akápò padà, mo ka gbólóhùn náà sí wọn létí. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, mo sì rọra sọ *bí*.

“Ó dáa,” ni wọ́n wí. “Níbo ni o ti rí i?”

Mo ṣàlàyé fún wọn pé kọ̀ǹpútà ṣì tọ́jú rẹ̀ sí ibi kan, pé ká ní mo ti pa á lóru ni, kì bá ti sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ṣì ní ìwé ìkọ̀wé tí mo máa ń mú wá sí ìpàdé láyé àtijọ́, èyí tí ó ní ẹ̀yìn búlúù. Mo dáhùn pé ó wà nínú àpótí. Ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, mo mú un dání, wọ́n sì rí i níwájú mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.